Àṣá Orí Ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹyẹlé Ilé Dierickx

Ọjọ́ tí Hanne Dierickx kọ́kọ́ bá Wannes Opdebeeck sọ̀rọ̀, ìyẹ́ ẹyẹlé ló wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Àárọ̀ Sátidé ni, lábẹ́ ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà láàárín ìlú Mechelen. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, òkúta ilẹ̀ gbàgede sì ń dán. Hanne ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ni, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ìka tú ìyẹ́ tó rin. Blauwe, akọ ẹyẹlé tó yára jù nílé wọn, lọ sáré ìje ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì padà. Staf, bàbá Hanne, kò sunkún. Ó kàn ń gbé àga síwájú ilé ẹyẹlé lójoojúmọ́ tó bá ti jẹun tán, á máa wo ojú ọ̀run. Ohun tí ọmọ rẹ̀ kò lè fara dà nìyẹn.

"Ṣé òrùka lẹ ń wá?"

Hanne gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan dúró ti awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà. Ó na agolo bisikíìtì kan sí i. Òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹlé ló wà nínú rẹ̀, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé.

"Ta ló kó gbogbo èyí jọ?"

"Èmi ni. Àwọn àṣá tó wà lókè yẹn ló ń jù wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n bá jẹun tán. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn."

"Ẹ ń ṣọ́ wọn! Wọ́n ń jẹ ẹran ọ̀sìn ẹlẹ́ran, ẹ̀yin ń ṣọ́ wọn!"

"Èmi kọ́ ni mò ń se é fún wọn o, arábìnrin."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Hanne, ó gbé e mì. Ó fi ìka ro inú agolo náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Òrùka Blauwe nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló bá bàbá rẹ̀ fi í sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹyẹlé náà ṣì jẹ́ ọmọ pínníṣín tí kò tíì níyẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin náà rí ojú rẹ̀. Ó dẹ́kun àwàdà. "Ẹ má bínú. N ò mọ̀ pé èyí ní orúkọ."

"Gbogbo wọn ló ní orúkọ. Láàárín àwa tí a ń sin ẹyẹlé, ẹnìkan kì í tọ́jú òrùka. Ẹni tó bá rí i á dá a padà fún ẹni tó ni ín, ibi yòówù kó jìnnà sí."

"Ẹ̀rù àwọn tó ni wọ́n ló ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà yín."

Kò lè gbé òrùka náà lọ sílé, torí Staf á béèrè ibi tó ti rí i. Ó dá a padà sínú agolo, ó sì yípadà láti lọ.

"Ẹ fojú kan ibí kí ẹ tó lọ," ni Wannes wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Hanne fojú mọ́ awò. Ó ti múra sílẹ̀ láti rí ìkà. Abo àṣá ló rí lójú fèrèsé òkúta, ó ń já ẹran wẹ́wẹ́, ó sì ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mímú má baà gún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà funfun bí òwú. Ó gba ẹran, ó sì tún ya ẹnu.

Ó yẹ kó ti lọ sílé. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wannes ń wa ọkọ̀ èrò nínú ìlú, Sátidé ló sì máa ń ráàyè wá sí gbàgede. Hanne bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ló yá. Nígbà tó yá, ó ń mú búrẹ́dì tó ṣẹ́kù dání, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́ lórí òkúta, wọ́n á máa gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Wannes kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Hanne bá sọ ló ń rántí. Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí, torí pé ó rántí ọ̀rọ̀ òrùka.

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday kan, ó gbé agolo bisikíìtì náà lọ sí ilé ọtí Àǹtí Irma.

Àǹtí Irma ni ẹ̀gbọ́n Staf obìnrin. Ilé ọtí rẹ̀ ni àwọn onísìn ẹyẹlé ti ń pàdé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday, kí ọkọ̀ ńlá tó kó agbọ̀n ẹyẹlé wọn lọ sí ibi tí ìje yóò ti bẹ̀rẹ̀. Hanne wà lẹ́yìn káńtà, ó ń bá Àǹtí rẹ̀ gbé bíà. Ó rí Wannes bó ṣe ń wọlé. Ó mi orí sí i pé rárá. Wannes rò pé ó ń kí òun ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kó òrùka yín wá." Ó gbé agolo sórí tábìlì.

Ẹyẹlé nìkan ló ń kùn nínú agbọ̀n. Ọwọ́ Staf ló kọ́kọ́ wọ inú agolo, òrùka Blauwe ló sì gbé jáde.

"Níbo lo ti rí i?"

"Lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ àṣá."

Staf dìde. Kò ga, ṣùgbọ́n ó fi ọdún gígùn yí irin ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀. "O gbé egungun ọmọ wá han bàbá ọmọ. Lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ń kó àwọn tó kù lọ sí ìje."

"Wọ́n sọ fún mi pé àṣà yín ni kí á dá a padà."

"Ilé ni wọ́n ń gbé e lọ! Ẹnìkan ṣoṣo, ní jẹ́jẹ́, tí yóò ṣí fìlà! Ta ló kọ́ ọ ní ìdajì àṣà?"

Hanne di etí ife mú. Wannes kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. "Kò sí," ló wí. "Àìmọ̀kan mi ni."

Staf dojú agolo náà délẹ̀, òrùka sì yí káàkiri abẹ́ tábìlì. Nígbà tí Wannes ti jáde, Àǹtí Irma mú ìgbálẹ̀, ó gbá wọn jọ, ó sì fi ti Blauwe sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó kọjá lẹ́bàá Hanne.

"Ojú tó o fi sin ọmọkùnrin yẹn jáde, mo rí i o. Gbé bíà, má dá a sílẹ̀."

Ìgbà òtútù dé, ó lọ. Nígbà tí àṣá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sàba ní ìgbà ìrúwé, Wannes ní òun fẹ́ fi Hanne ṣaya. Inú Hanne dùn, ẹ̀rù sì bà á bákan náà. Àǹtí Irma ló gbà láti ṣe alárinà. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ, Wannes gbé àkàrà òyìnbó oníìrẹsì dání. Jeannine, ìyá Hanne, bu kọfí fún wọn. Staf kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Staf," ni Àǹtí Irma wí, "ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́, kì í mutí yó, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó ń dúró lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń yọ̀ bí wọ́n ṣe ń fa àwọn ọmọ mi ya, ṣé òun ni yóò máa pè mí ní Bàbá?"

"N kì í yọ̀, Bàbá," ni Wannes wí.

"O ń sunkún bí?"

Wannes wo ife kọfí rẹ̀. Kò lè purọ́.

Jeannine gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. "Bàbá tèmi náà ò fẹ́ ọ, Staf."

"Ṣé èmi ń sin ológbò tó ń jẹ ẹran ọ̀sìn bàbá tìrẹ nígbà yẹn?" Ó kọjú sí Wannes. "Gbọ́. Ọjọ́ tí àṣá bá kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kí o padà wá tọrọ ọmọ. Títí di ìgbà náà, Hanne kò gbọdọ̀ dé gbàgede."

Àǹtí Irma rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ìwọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó o mọ ohun tí yíyà akọ lọ́dọ̀ abo ń fà?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń múra ẹyẹlé sílẹ̀ fún ìje ní ilẹ̀ wọn nìyẹn. Wọ́n á ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ abo rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n tó gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n á jẹ́ kó fojú kàn án fìrí, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀nà yòówù kó jìn, akọ náà á fò bí ọta ìbọn padà sílé. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó Staf.

Hanne ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sinmi. Ó pàdé Wannes nínú ọkọ̀ èrò tó ń wà, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ bí èrò lásán.

"Fi àwọn àṣá yẹn sílẹ̀," ló sọ. "Nítorí mi."

Wannes ń wo ojú ọ̀nà. "Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò ní kúrò. Kò kàn ní sí ẹnìkan níbẹ̀ ni tí aburú bá dé. Ní ìlú kan lọ́hùn-ún, wọ́n fi májèlé ra ẹyẹlé lẹ́yìn ọrùn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lábẹ́ ìtẹ́ àṣá. Ìyá, bàbá, ọmọ, gbogbo wọn ló kú."

"Ṣé o fẹ́ràn wọn jù mí lọ ni?"

Wannes dín eré ọkọ̀ kù. "Bí mo bá lè pa wọ́n tì nítorí pé ó rọrùn, lọ́jọ́ kan wàá máa wò ó bóyá mo lè pa ìwọ náà tì."

Inú bí Hanne. Ó bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdó rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni tàbí ọ̀nà láti sá fún ìdáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ àṣá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹyẹlé Staf mìíràn tún sọnù. Ọjọ́ Sátidé ni Hanne gbé kọfí lọ fún un ní ilé ẹyẹlé. Ó bá a níbi tó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó gbé Peke dání. Peke ni àgbà inú wọn, akọ tó ti gba ife ẹ̀yẹ nígbà èwe rẹ̀, tí kò lọ sí ìje mọ́. Staf wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra nǹkan inú ìgò kan sí i lẹ́yìn ọrùn.

"Kí lẹ ń fi ra á, Bàbá?"

Èjìká Staf fò. "Oògùn iná ara ni."

Ó ti pẹ́ tí Hanne ti ń rí bàbá rẹ̀ tó ń fi oògùn iná sára ẹyẹlé. Ọwọ́ lásán ló máa ń lò.

"Ta ló fún yín?"

"O ò rí nǹkankan, Hanne. Ṣé o gbọ́?"

Ó yípadà. Kò dúró. Bí ó ti ń gbé Peke lọ síbi agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn àpótí tí abo Peke wà, ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn fìrí, ó sì tún un dé. Ó ṣe é láìwò ó, bí ènìyàn ṣe ń pa iná kó tó jáde nílé. Lẹ́yìn náà ó ti agbọ̀n bọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Hanne dúró pẹ̀lú ife kọfí. Bí ó bá sọ fún Wannes, ọlọ́pàá á wá mú bàbá rẹ̀, orúkọ Dierickx á sì bàjẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí kò bá sọ, ìyá tó ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn á fi ikú bọ́ ọmọ rẹ̀, Wannes á sì dúró nísàlẹ̀, á máa wò ó. Ṣé òun á wá fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, kí òun máa wo ojú rẹ̀ lórí oúnjẹ, kí òun má sọ ọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sáré kó tó rí ìdáhùn.

Ó dé gbàgede, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wannes rí i, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Hanne! Wá wò ó, èyí àgbà ti dé etí òkúta, ó ń na apá—"

"Wannes." Ó fà á lápá.

Ní ìhà kejì gbàgede, Staf ti ṣí agbọ̀n. Peke fò jáde, ìyẹ́ apá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó ń gòkè. Lókè ilé gogoro, ohun dúdú kan jábọ́ kúrò lára òkúta, ó ká apá mọ́ra, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀ bí òkò. Hanne gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Peke yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì. Àgbà ni, ó ti rí àṣá rí. Àṣá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tàsé. Kó tó yíra padà, Peke ti fò fẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn òrùlé àwọn ilé, kò yí gbàgede po, kò ṣiyèméjì. Ó dorí kọ odò Dijle, apá ibi tí ilé wọn wà.

Hanne wo bàbá rẹ̀. Agbọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

"Mo fi abo rẹ̀ hàn án," ni Staf wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo fi abo rẹ̀ hàn án."

Nígbà náà ni Hanne rántí ìyá rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Jeannine ń gbálẹ̀ ilé ẹyẹlé. Nígbàkígbà tí Peke bá balẹ̀, á gbé e pẹ̀lú ọwọ́ lásán, á sì fi ẹnu kàn án lórí. Kì í mú fóònù wọbẹ̀.

"Wannes, májèlé ni! Bàbá mi ló fi ra á. Màmá mi máa fẹnu kò ó!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kò sí ọ̀nà láti dá a padà. Wannes wo Staf lẹ́ẹ̀kan, ìwò tí Hanne kò ní gbàgbé, ó sì fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. "Gun ẹ̀yìn."

Wọ́n gba orí afárá. Wọ́n gba iwájú ọkọ̀ kan tó fọn fèrè sí wọn. Hanne di ìbàdí rẹ̀ mú. Bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò wọn, ó ti ń gbọ́ ìró àgbàdo tí ìyá rẹ̀ ń mì nínú agolo.

"Peke! Peke mi, wọlé, àgbà!"

Peke wà lórí pákó ẹnu ọ̀nà. Jeannine ti na ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Jeannine dúró bí ère. Wannes ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jù ú bo ẹyẹlé náà, ó sì dì í mú.

Nígbà tí Staf fi máa dé, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, Jeannine jókòó lórí àga rẹ̀ níwájú ilé ẹyẹlé. Hanne ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. "Ẹnu mi nìyí, Staf," ló wí, ó sì fọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Ẹnu tí mo fi ń pè ọ́."

Staf kò lè wò ó. Ó kọjú sí Wannes. "Pe ọlọ́pàá. Kí lo ń dúró dè?"

"Omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ," ni Wannes wí. "Kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ yín."

Àwọn méjèèjì ló jọ kúnlẹ̀ ti abọ́ náà. Wannes di apá Peke mú, Staf ń fọ ọrùn rẹ̀, wọ́n da omi nù, wọ́n pọn òmíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, orí Peke bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì kú sọ́wọ́ Staf. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Peke kò yẹrí. Onílé ló yẹrí. Staf sunkún lọ́jọ́ yẹn, ohun tí kò ṣe nítorí Blauwe.

Wannes nu ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, n ò ní lọ fẹjọ́ yín sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, n ò ní purọ́. Ìgò májèlé yẹn kò sì gbọdọ̀ sùn nílé yìí."

Hanne rò pé bàbá òun á lé e jáde. Staf wo ẹyẹlé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bá mi dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá," ló wí. "N ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà."

Wọ́n jọ lọ. Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bá a wí, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ẹgbẹ́ ní kò gbọdọ̀ mú ẹyẹlé wá sí ìje títí ọdún náà yóò fi parí. Àwọn kan kò kí i mọ́ ní ilé ọtí. Àǹtí Irma ń gbé bíà fún un, kì í sì í sọ̀rọ̀. Nílé, Jeannine ń bu kọfí fún un, kì í sì í jókòó tì í.

Hanne kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun wà nínú gbogbo èyí. Wannes kò tọrọ nǹkankan. "Mi ò ní fi ìtìjú bàbá rẹ fẹ́ ọ," ló sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì dùn ún.

Sátidé kan, nígbà tí ìyókù ọmọ àṣá ṣì wà lórí òkúta, àwọn méjèèjì wà ní gbàgede nígbà tí Hanne rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀. Kò gbé agbọ̀n. Sátidé ni, kò sì ní ẹyẹlé tí yóò máa retí. Ó ṣí fìlà.

"Ṣé gbogbo ènìyàn lè wo nǹkan yìí?"

Wannes kúrò nídìí awò. Staf bẹ̀rẹ̀, ó fojú mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Hanne rí i tí ó rọra ń dẹ orí tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló ń fún un jẹ?"

Wannes wo Hanne. "Ẹyẹlé ni, Bàbá."

"Ṣé òrùka wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ wò ó fúnra yín."

Staf tún wò. "Kò sí. Ẹyẹlé ìgboro ni." Ó mí kanlẹ̀. "Kó máa jẹ ẹ́."

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé òrùka Blauwe sí àtẹ́lẹwọ́ Wannes. "Irma ló tọ́jú rẹ̀. Ní Sunday, kí ìwọ àti òun padà wá sọ́dọ̀ wa, kí o wá dá èyí padà bó ṣe yẹ. Ilé ni wọ́n ń gbé e wá, kì í ṣe ilé ọtí. Má sì gbé àkàrà ìjọ́sí yẹn wá mọ́, gbígbẹ ló gbẹ."

"Bàbá," ni Hanne wí, "àṣá ò tíì kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo ní ojú, Hanne." Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sídìí awò. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ẹ ń dí mi lójú."

Wọ́n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ọwọ́ wọn.